Kí Ni Ọkọ̀ Yín Ń Kán Sílẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín bí ẹ ti rí i pé akọ̀wé mọ́sáláṣí ni ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ọkọ̀ lónìí. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ilé kéú àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo lọ. Ṣùgbọ́n mọ́sáláṣí wa ní bọ́ọ̀sì kan tí ó ń gbé àwọn ènìyàn lọ sí ibi yìgì, ibi ìsìnkú àti ibi wòlímọ̀, èmi ni a sì fi ìtọ́jú rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹni tí a bá fi ẹ̀mí àwọn ènìyàn lé lọ́wọ́ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ó di dandan kí ó bèèrè, kí ó sì kọ́. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ pín fún yín.

Ẹ̀yin ìyá wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lóde òní, tí ó ń wà á lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́, tí ó sì fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé. Èyí tí kò wa ọkọ̀ nínú yín ni ó ń gbá àgbàlá, tàbí tí ó ń rán ọmọ kí ó gbá a. Baálé ilé a jí, a wọ inú ọkọ̀, a ṣí i, a sì lọ. Kì í wo ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà sùn sí. Ẹni tí ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ rí i pé ibi tí ọkọ̀ wà lóru tutù. Bí ẹni náà bá mọ ohun tí ó rí, ó lè gba gbogbo ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ ewu. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò da yẹ̀pẹ̀ bò ó, yóò gbá a lọ, ọ̀rọ̀ sì pin síbẹ̀.

Oríṣiríṣi omi àti òróró ni ó wà nínú ọkọ̀, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ́ìlì ni ó ń jẹ́ kí àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì máa yọ̀ lára ara wọn, kí wọ́n má baà jẹ ara wọn run. Omi rédíétọ̀ ni ó ń gbé ooru ẹ́ńjìnnì jáde. Òróró bíréèkì ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ sí ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òróró jíà ní iṣẹ́ tirẹ̀, bẹntiróòlù sì ni oúnjẹ ọkọ̀. Inú páìpù, inú agolo àti lẹ́yìn rọ́bà ni a pa gbogbo wọn mọ́ sí. Ṣùgbọ́n rọ́bà a máa gbó, irin a máa dípẹtà, nọ́ọ̀tì a sì máa tú díẹ̀díẹ̀ ní ojú ọ̀nà wa tí ó kún fún kòtò. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá rí àyè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń jò.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ láti mọ̀ ọ́n ni èyí. Ní alẹ́, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, bí ọkọ̀ bá ti dúró sí ibi tí ilẹ̀ gbé tẹ́jú, ẹ wá páálí ńlá kan tàbí ìwé funfun tí a kò lò mọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sí abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí táyà wà lára páálí náà, kí ẹ lè mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá kí ìrun àsùbáà tán, tí ilẹ̀ sì mọ́, ẹ fà á jáde kí ẹ wò ó. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bèèrè: ibo ni ó kán sí? Àwọ̀ wo ni ó ní? Báwo ni ó ti rí lọ́wọ́ àti ní imú? Àkísà ni kí ẹ fi kàn án, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe fi kan ẹnu láéláé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí, àti ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí ó kán ni àrùn. Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ tutù, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní éésì, ẹ ó rí omi mímọ́ tí yóò máa kán sí abẹ́ iwájú ọkọ̀, lápá ibi tí ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé. Bí omi ti í là sí ara ife tí a bu omi tútù sí ni ó ṣe ń là sí ara irin tútù inú ẹ̀rọ náà. Kò ní òórùn, kò yọ̀ lọ́wọ́, bí ó bá sì gbẹ, kì í fi àmì sílẹ̀. Bákan náà, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọkọ̀ ní òwúrọ̀, omi díẹ̀ a máa kán láti ẹnu páìpù èéfín, nítorí pé bẹntiróòlù tí ó bá jó a máa mú omi jáde pẹ̀lú èéfín rẹ̀. Ẹ má fòyà àwọn méjèèjì.

Ó kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ó dà bí oyin. Bí ó bá ti pẹ́, ó dúdú bí àdí. Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, kì í gbẹ, abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ó sì máa ń kán sí. Bí ẹ bá rí i, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tún kì í bọ̀ ọ́ pátápátá, kí ẹ sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì. Àárín àmì méjì tí ó wà lára ọ̀pá náà ni ó yẹ kí ọ́ìlì wà. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ lè wa ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì. Bí ó bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ àmì kejì, ẹ bu ọ́ìlì kún un kí ẹ tó lọ. Bí iná pupa tí ó dà bí agolo ọ́ìlì bá sì tàn níwájú awakọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ yà sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ láì sí ọ́ìlì ti tó láti sọ ẹ́ńjìnnì di irin àlòkù, owó tí a ó sì fi ra òmíràn ju owó rọ́bà kan lọ fíìfíì. Bí ẹ bá ń gbóòórùn ọ́ìlì tí ń jó, ó lè jẹ́ pé orí páìpù èéfín tí ó gbóná ni ó ń kán sí. Èyí lè di iná.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ omi rédíétọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọmọ wa. Omi tí a ń tà fún rédíétọ̀ ní àwọ̀: òmíràn jẹ́ àwọ̀ ewé, òmíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òmíràn jẹ́ àwọ̀ ọsàn, òmíràn sì dà bí aró. Iwájú ọkọ̀ ni ó sábà máa ń kán sí, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán bí ohun dídùn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ni a ti da omi aláwọ̀ rẹ̀ nù tí a sì rọ omi lásán sí i; nígbà náà, omi tí ń jò kò ní ní àwọ̀ kankan, àfi ti ìpẹtà. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi éésì? Bí ẹ kò bá tan éésì tí omi sì kán, tàbí bí omi inú ike rédíétọ̀ bá ń dín kù lójoojúmọ́, rédíétọ̀ tàbí páìpù rẹ̀ ni ó ń jò.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà láti ìparí ọdún 2008 wọ ọdún 2009, nígbà tí ó ju ọmọ 80 lọ tí ó kú nítorí oògùn eyín ọmọdé tí ohun kan tí à ń pè ní diethylene glycol wọ inú rẹ̀. Ìbátan ohun náà, èyí tí à ń pè ní ethylene glycol, ni ó wà nínú púpọ̀ nínú omi aláwọ̀ tí à ń rọ sí rédíétọ̀. Ó dùn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ tí ń rákò, ewúrẹ́ àti ológbò kò mọ̀ pé májèlé ni ohun dídùn tí ó wà nílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i, ẹ da yanrìn sí i, ẹ kó o, kí ẹ sì fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Ẹ má ṣe rọ èyí tí ó ṣẹ́ kù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá sì mu ún, ẹ má ṣe dúró fún un ní epo pupa; ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, kí ẹ mú ike omi náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu.

Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná kọjá ààlà lójú ọ̀nà, ẹ pa á, kí ẹ sì jìnnà sí ìdérí rédíétọ̀. A ti fi ìdérí náà tẹ omi inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà omi yìí lè gbóná kọjá ìwọ̀n 100 tí omi inú ìkòkò fi ń hó, kí ó má sì tíì hó. Bí a bá ṣí ìdérí rẹ̀, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú jáde sí ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i. Ẹ dúró títí rédíétọ̀ yóò fi tutù tí ẹ lè fi ọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítorí ó lè sán.

Ohun pupa tí ó dà bí omi sóbò ni òróró jíà tí ń yí fúnra rẹ̀. Àárín ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni ó máa ń kán sí, bí ó bá sì pẹ́, a di àwọ̀ ilẹ̀. Bí jíà bá ń lọ́ra láti wọlé, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo tí ọkọ̀ kò sì yára, òróró náà ti ń tán lọ. Òróró sìtíárìn náà lè pupa, ṣùgbọ́n iwájú ni ó ń kán sí. Bí ẹ bá ń yí ọwọ́ ọkọ̀, yóò máa ké, yóò sì wúwo. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé kò ní òróró yìí mọ́, nítorí agbára iná mànàmáná ni ó ń yí sìtíárìn wọn.

Wàyí o, ẹ fún mi ní etí yín dáradára lórí òróró bíréèkì. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ó mọ́, ó sì pọ́n díẹ̀ bí òróró ẹ̀pà; bí ó bá gbó, a di àwọ̀ ilẹ̀. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Inú táyà, lápá tí ó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, ni ẹ ó ti rí i, tàbí ní abẹ́ ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé. Èyí kò ṣe é fojú kéré bí ó ti wù kí ó mọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ku díẹ̀ kí oṣù Ràmàdáánì wọlé, àwọn ìyá ẹgbẹ́ alásàláátù wa fẹ́ lọ sí ibi yìgì ní Adó-Èkìtì. Láti ọ̀dọ̀ wa ní Òṣogbo, ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọn yóò gbà, ẹni tí ó bá sì mọ ọ̀nà náà mọ bí ó ti ń gun òkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó máa ń gbá iwájú mọ́sáláṣí ni ó rí i pé inú táyà ẹ̀yìn kan tutù. Dẹ́rẹ́bà wa ní, “Ẹ má dàámú, Ìyá, omi tí mo fi fọ ọkọ̀ ni.” Ìyá fi ìka kàn án, ó fi ìka méjèèjì ra á, ó ní, “Ọmọ mi, èmi ti ń fọ nǹkan láti kékeré. Omi kì í yọ̀ báyìí.” Ó wá pè mí. Nígbà tí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òróró inú ike bíréèkì ti lọ sí ìsàlẹ̀ àmì. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yin ènìyàn, inú wọn kò dùn. Wọ́n ti wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ti di ẹ̀bùn ìyàwó. Ẹnìkan ní ṣé èmi kò ní ìgbáralé Ọlọ́run ni. Mẹkáníìkì dé, ó tú táyà, ó sì fi rọ́bà kan tí ó ti gbó nínú bíréèkì hàn wá. Òróró ti rin gbogbo inú rẹ̀. Ó ní bíréèkì náà ìbá ṣì mú ní inú ìgboro, níbi tí a ti ń rọra lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, bíi lórí òkè, ni ìbá ti tán sí. Kí ó tó tún un ṣe tán, aago 11 ti kọjá. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Adó, a ti so yìgì tán, oúnjẹ nìkan ni wọ́n bá. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó dé, gbogbo wọn ni ó sì padà sílé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Alihamudu lilahi.

Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí ó rọ̀, tàbí tí ó ń rì lọ sísàlẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kún un, nítorí yóò mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú. A ti kọ irú òróró tí ó gbà sí ara ìdérí rẹ̀, bíi DOT 3 tàbí DOT 4. Èyí tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ rà.

Ó ku bẹntiróòlù. Èyí lè má fi àmì kankan sílẹ̀, nítorí kíákíá ni ó ń gbẹ. Imú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá jí tí òórùn bẹntiróòlù gba àgbàlá, ẹ má ṣe ṣí ọkọ̀, ẹ má ṣe ṣáná sí ìṣáná, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá gbàà lọ, ó sì lè rìn láti abẹ́ ọkọ̀ dé ìdí ààrò tàbí ìkòkò eléèédú tí ẹ fi ń dáná. Lọ́jọ́ gbogbo, ẹ má ṣe jẹ́ kí ibi ìdáná wà nítòsí ibi tí ọkọ̀ ń sùn sí.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un: àwọ̀ rẹ̀, ibi tí ó kán sí, àti bí ó ti pọ̀ tó. Bí ẹ bá lè mú páálí náà dání, ó tún dára. Ẹ ní kí ó fi ibi tí ń jò hàn yín kí ó tó tú ohunkóhun. Bí ó bá ní ọkọ̀ kàn ń làágùn ni, ẹ bi í bóyá ó ń kán tàbí kò kán. Ohun tí kò tíì kán, ẹ lè máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ń kán ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di àṣà láti máa bu omi àti ọ́ìlì kún un lójoojúmọ́ láì wá ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún tẹ́ páálí mìíràn sí abẹ́ ọkọ̀ ní alẹ́. Páálí kì í parọ́, òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ ti mọ́sáláṣí kún un. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì sínú gọ́tà tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Omi kànga tí epo bá ti yí àwọ̀, adùn tàbí òórùn rẹ̀ padà kò ṣe é fi ṣe àlùwàlá mọ́ ní ọ̀nà Màlíkì tí àwa ń tọ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé a fẹ́ mu ún. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, gíríìsì tí ó bá ki lára yín tí kò jẹ́ kí omi dé awọ, ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó ṣe àlùwàlá.

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ wa, yálà ọmọ wa ni tàbí àlejò, àmánà ni ó jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìgbáralé Ọlọ́run kò ní kí a di ojú wa. Òun náà ni ó fún wa ní ojú àti imú, kí a lè fi wọ́n ṣọ́ ara wa. Nítorí náà, ẹ̀yin baálé ilé, bí ìyàwó yín, tàbí ọmọ tí ń gbálẹ̀, bá sọ pé abẹ́ ọkọ̀ tutù, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé kí ni ó mọ̀ nípa ọkọ̀. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wò ó. Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe fi ojú ọ̀nà dán wa wò, kí Ó sì máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa. Àmín.